Afárá Ìlú Mẹ́tàlá

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú oorun ọ̀sán àná, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán tí mo nà sórí ẹní. Àyà mi ṣì ń já títí di ìsinsìnyí.

Mo bá ara mi nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tó léfòó sójú sánmà, lókè odò. Ìlú mẹ́tàlá ló rán aṣojú wá síbẹ̀. Pákó mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe afárá odò náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ni pákó tirẹ̀, èyí tó bá sì bínú á yọ tirẹ̀ gbé lọ sílé. Wọ́n fún mi ní gègé, wọ́n ní èmi ni akọ̀wé tí yóò kọ ìwé òfin tí yóò so wọ́n pọ̀. N kò bèèrè ìdí. Mo jókòó.

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, agbẹ̀bí tó ṣojú ìlú kejì, ní ìlú mẹ́tàlá tí kò bá ní orí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ogun á máa mú wọn bí ẹni ń ká ilá. Ó ní àfi kí ìjọba kan wà láàárín tó lágbára láti pàṣẹ fún gbogbo wọn. Olóyè Látinwò láti ìlú kẹrin, alága ìpàdé, ní ṣebí ọba kan làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ, ṣé àwọn á tún fọwọ́ ara àwọn gbé òmíràn jókòó? Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló wọ̀ mí létí. Ohun tí mo bá kọ, mo tún ń pa á rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bojú wolẹ̀. Wúràọlá ìyàwó mi ń bọ̀ lórí afárá, ó pọn ọmọ wa. Ìlú kẹrin bínú, wọ́n yọ pákó wọn níwájú rẹ̀. Kí n tó mí, àwọn tó kù ti yọ tiwọn, àfi pákó ìlú kejì tí ìyàwó mi dúró lé, tí omi ń ru lábẹ́ rẹ̀. Mo lanu láti pè é.

Ìwé ọwọ́ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé afárá ti di ti gbogbo wọn. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé olórí tó bá há ará ìlú mọ́ orí afárá náà, wọn á yọ ọ́ bí ẹni yọ pákó."

Mo kọ méjèèjì. Àwọn aṣojú ń fọwọ́ sí i, pákó sì ń padà sí àyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Olóyè Látinwò. Ó gba gègé, ó wò mí lójú, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà láti ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ṣì wà lórí afárá."

Ó ní òun ti gbọ́, kí n jẹ́ kí òun jẹun tán ná.

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá kò bá a jà. Ó di ẹsẹ̀ òbúkọ náà mú, ó tì í bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwọ̀nba ìwé tó kù. Pákó tó kẹ́yìn balẹ̀. Mo rí i tí Wúràọlá gbẹ́sẹ̀.

Mo ta jí, òógùn ti bò mí. Wúràọlá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìdérí kànga ti fọ́, àwọn ayálégbé yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé wa sì ti ń jiyàn nídìí rẹ̀ láti àárọ̀, kò sí ẹni tó gbà pé ti òun ni.

Ó ní, "Bàbá Fìkáyọ̀mí, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ mú bírò dání."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lábẹ́ ìrọ̀rí.