Páárì Ewúrẹ́

3.

…Dieudonné sì tún un sọ lórí rédíò, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń lá oyin, pé Nàgó, èdè ìyá wọn, nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ níbi ìdíje ọdún yìí. Kọ́ládé tutọ́. Ilẹ̀ oko kajú rẹ̀ ní Bessé ló gba itọ́ náà. Ojú Dieudonné ló tọ́ sí.

ÌKÉDE
ÌDÍJE «TA LÓ MỌ̀ Ọ́N?»
Fún àwọn ọ̀dọ́ Savè, Sakin, Adido àti Bessé.
Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lọ ṣojú wa ní Kútọnu.
Ẹni tó bá da Faransé mọ́ Nàgó yóò pàdánù àmì kan.
Òfin yìí kan gbogbo ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn, olùbéèrè pẹ̀lú.
— Mẹ́tìrì Dieudonné, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì

4.

Ohun tí Kọ́ládé kò gbàgbé:

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkekèé ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ké: «Yéè, ìyá mi o!»

Nàgó ni.

Dieudonné, olórí kíláàsì, gbé egungun páárì ewúrẹ́ olókùn wá, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun tí wọ́n ń fi dójú ti ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ dípò Faransé nìyẹn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ ló ni ín, àfi tó bá mú ẹlòmíràn tó sọ ọ́, kó fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ń wú.

Ó gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú páárì náà lọ́rùn. Kò padà mọ́.

5.

Nílé, Nàgó ni gbogbo wọn ń sọ. Ṣé ìyá rẹ̀ ni kó fi kọ́ lọ́rùn?

5, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọmọ Dieudonné kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Nàgó kí ìyá àgbà wọn ní àárọ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

6.

FỌLÁṢADÉ: Bàbá, mo ti wọ àṣekágbá. Èmi àti Ulrich ará Adido.
KỌ́LÁDÉ: Ẹni tó lé adìẹ ìyá mi kúrò lágbàlá ló wá ń kiri ẹyin rẹ̀.
FỌLÁṢADÉ: Ẹ má bá Mẹ́tìrì jà níbẹ̀. Mi ò rí òkun rí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ Kútọnu.
KỌ́LÁDÉ: Ṣé mo sọ pé mo fẹ́ jà ni?

(Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fi òróró pa páárì náà.)

7.

Gbọ̀ngàn. Dieudonné dé fìlà tó ga ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ.

DIEUDONNÉ: Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní?
ULRICH: Mẹ́jọ.
DIEUDONNÉ: Oṣù mélòó ló ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n nínú?
ULRICH: Ẹyọ kan.
FỌLÁṢADÉ: Douze.
DIEUDONNÉ: Háà, ọmọ Bessé. Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló ní in. Ṣùgbọ́n méjìlá là ń pè é. Àmì kan kúrò. Àbí bàbá rẹ kò gbọ́ Nàgó ni?

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín kan náà ni.

8.

Àmì Fọláṣadé àti ti Ulrich dọ́gba. Ìbéèrè kan ló kù, Fọláṣadé ló sì kàn. Ariwo pọ̀. Mẹ́tìrì fi ọwọ́ lu tábìlì bó ṣe máa ń lù ú fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀:

«Silence!»

9.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Faransé ni.

10.

Kọ́ládé dìde. Ó fa páárì yọ nínú àpò. Àwọn ọ̀dọ́ ò mọ ohun tó jẹ́. Dieudonné mọ̀ ọ́n.

KỌ́LÁDÉ: Mo mú ẹ.
DIEUDONNÉ: Kọ́ládé, a ti dàgbà.
KỌ́LÁDÉ: Òfin ta ni?
DIEUDONNÉ: Ó dáa. Fi kọ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé egungun kọ́rùn kí n máa bi ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ilé ni mò ń lọ. Ìdíje parí nìyẹn.

Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba.

FỌLÁṢADÉ: Bàbá. Ìbéèrè mi ló kù.

11.

Okùn náà kúrú. Ọrùn ọmọdé ni wọ́n so ó fún, ọrùn tó wà níwájú rẹ̀ yìí sì ti sanra.

Kọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó okùn náà kó lè gba ọrùn yẹn. Kókó náà ti le. Ọmọ rẹ̀ ń wo ìka rẹ̀.

12.

(Lórí tábìlì Mẹ́tìrì, a kò tíì kà á síta.)

ÌBÉÈRÈ ÌKẸYÌN: Egungun mélòó ló wà lára àgbàlagbà?

ÌDÁHÙN: