Ọwọ́ Òsì Ìbídùn

Àlá kan ni mo lá lóru àná, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí n tó gbàgbé, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ mọ̀ pé ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, èmi àti Morádékẹ́ ìyàwó mi àti Ìbídùn ọmọ wa máa ń lọ sí Òkè-Ìjímèrè, abúlé tí àwọn ìjímèrè ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Wọn kì í já a gbà, wọn kì í geni jẹ. Ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni Ìbídùn ń lò. Ọmọ ọdún mẹ́fà, òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń júwe nǹkan. Ìgbàkígbà tó bá ti fi òsì na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹranko, mo máa ń gbá a lọ́wọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. Mo ní ìgbà tó bá fi òsì gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́la, ta ni wọn yóò bú?

Nínú àlá yìí, a dé abúlé, òkè kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ tún ṣe. Ọ́fíìsì kan ló léfòó lókè ibi tó wà, kò fara kan igi, kò fara kan ilẹ̀. Ẹnu ò yà mí. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò ṣe àkàbà sí i. Ni àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Morádékẹ́ rù bá ní ká máa gun afẹ́fẹ́ lọ, pé gbogbo èèyàn ló ń gùn ún. A gùn ún. Ó dì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹ̀kọ àárọ̀.

Akọ̀wé kan jókòó nínú ọ́fíìsì, ó dé fìlà, ó so táì. Ó kọ orúkọ wa sínú ìwé ńlá kan. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni ìwo ń yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, kó tó parí, ó ti di òbúkọ, ó sì ti ń jẹ ìwé náà láti etí. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ ibi tó kọ orúkọ Ìbídùn sí. Ó ní ibẹ̀ lòun kọ́kọ́ jẹ.

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi tí mo fi di ọmọ mú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo dì mú. N ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí.

Òbúkọ yìí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Pápá kan ló wà níbẹ̀, kòkòrò kan kò dún. Àwọn ìjímèrè bí ogójì tò lórí ìlà, wọ́n jókòó sórí koríko, gbogbo wọn ló wọ aṣọ yẹ́lò Ìbídùn, èyí tí ìyá rẹ̀ fi òwú búlúù rán àpò rẹ̀. Ojú Ìbídùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni gbogbo wọn ní.

“Ọmọ yín wà láàárín wọn, Bàbá Ìbídùn,” òbúkọ wí. “Ẹ fún wọn lóúnjẹ. Èyí tí ẹ bá dá mọ̀, ẹ mú un lọ sílé. Àmọ́ òkè ti ń padà bọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn tó bá kù ń sùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìyẹn náà ló le? Èyí tó bá na òsì ni tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àkọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó na ọ̀tún. Ìkejì kúnlẹ̀, ó na ọ̀tún. Mo pín in títí, ọ̀tún ni gbogbo wọn ń nà, wọ́n sì ń rọra sọ pé ẹ ṣé, sà. Mo gbọ́ ìró òkè tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kà á sí mi létí pé ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́rin.

Morádékẹ́ jókòó sílẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Ẹ ti kọ́ ọ. Ó sì ti gbọ́.”

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ku ẹyọ kan. Àgbà bíi tèmi, mo kúnlẹ̀ fún ìjímèrè.

“Ìbídùn, fi òsì gbà á. Bàbá ò ní gbá ọ lọ́wọ́ mọ́.”

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà, lọ́nà jíjìn, níparí ìlà, mo rí ọwọ́ òsì kékeré kan tó gbéra lórí itan. Inú mi dùn, mo dìde, mo sáré lọ. Ó rí mi tí mo ń bọ̀ kíákíá báyẹn, ó sì yára fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. Òjìji òkè bo gbogbo wa.

Ni mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn ti wọlé. Ìbídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ ló fi ife tíì rán an sí mi. Ọ̀tún ló fi gbé e, tíì ń dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Mo ní, “Fi òsì gbé e fún mi, ọmọ mi.”

Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò.