Ẹni Tó Ń Rìn Níwájú

"Ẹ rọra," ni afinimọ̀nà wí, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìgbẹ́ ẹfọ̀n tó wà láàárín ọ̀nà. Ó ṣì ń rú èéfín. Agbẹ̀bí gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sẹ́yìn láì yíjú padà: "Ẹ sọ fún ìyàwó kó má tẹ̀ ẹ́ o. Ẹni tó ń wọ́ lẹ́yìn kì í ríran dáadáa."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ gbọ́. Òun ló wà lẹ́yìn pátápátá, báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. "Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n," ló fi dá a lóhùn. Àbúrò Agbẹ̀bí, tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ṣe bí ẹni tí kò létí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé wọn wá sórí òkè. Lóṣù tó kọjá, Agbẹ̀bí ṣubú ní balùwẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí aládùúgbò fi fọ́ ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, nínú yàrá ìsàlẹ̀. Agbẹ̀bí ní kò sóhun tó ṣe òun. Òun gbẹ̀bí fún ogójì ọdún, òun sin ọkọ, òun kọ́lé; ẹnì kan kò ní fi òun sí kọ̀rọ̀ ilé onílé bí àga tó kán lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ló wá là á mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, ọdọọdún la máa ń lọ pàgọ́ sórí òkè inú igbó ìjọba. Tẹ́ ẹ bá lè fẹsẹ̀ ara yín bá wa débẹ̀, a ò ní dárúkọ yàrá ìsàlẹ̀ mọ́. Tẹ́ ò bá lè débẹ̀, kẹ́ ẹ kó ẹrù yín wá." Ó rò pé ẹ̀rù á bà á. Kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu ibodè láàárọ̀, afinimọ̀nà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé mi. Àwọn yòókù á máa bọ̀ lẹ́yìn yín." Inú Agbẹ̀bí dùn ṣìnkìn. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn, ó mọ àgbà. Iwájú, iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Nígbàkígbà tó bá dúró láti mí, á ní àwọn ọ̀bọ orí igi lòun ń wò, tàbí pé òun ń dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án, wọ́n jókòó sórí àpáta kan. Ẹgbẹ́ mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látòkè, ọkùnrin kan tó sanra ló síwájú wọn, ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Ojú ẹsẹ̀ ni Agbẹ̀bí fẹ́ràn rẹ̀.

"O kú iṣẹ́ o. Ìwọ ni àgbà nínú wọn, àbí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, Màmá. Èmi ni mò ń falẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń falẹ̀ ni wọ́n máa ń fi síwájú, kí gbogbo wọn lè máa rìn bó ṣe ń rìn. Tí wọ́n bá fi mí sẹ́yìn, wọ́n á ti sọ mí nù." Ó wo Agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ afinimọ̀nà, ó sì fi kún un tinútinú: "Ẹ kú ìfaradà o."

Ojú ti Agbẹ̀bí débi pé etí rẹ̀ gbóná. Nígbà tí àwọn yẹn kọjá lọ tán, ó kọjú sí afinimọ̀nà. "Ta ló sọ fún ọ pé mò ń falẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà lẹ́nu ibodè, òpó lẹ dì mú kẹ́ ẹ tó lè dìde."

"Ìyàwó, bọ́ síwájú."

"Mi ò lọ," ni ìyàwó wí. "Mo ti ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yín láti àárọ̀. Ó ń wọ́. Ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ mi lo wá ń ṣọ́?"

"Ta ni ì bá bá yín ṣọ́ ọ?"

Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Agbẹ̀bí fàáké kọ́rí pé ẹ̀yìn lòun máa wà, kí ẹni tó ní òun ò lè rìn bọ́ síwájú, kó wá wò ó. Afinimọ̀nà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

Kò pẹ́ tí ìkùukùu fi bo ọ̀nà. Agbẹ̀bí ń gbọ́ ohùn wọn, lẹ́yìn náà ó ń gbọ́ ọ̀pá afinimọ̀nà lára òkúta, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Kò dúró rárá o. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń rìn. Àwọn náà kò sáré. Wọ́n kàn rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ẹfọ̀n kan yọ látinú koríko lápá òsì. Ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn nímú, ó sì ń wò ó bí onílé ṣe ń wo ẹni tó já wọlé rẹ̀. Agbẹ̀bí fẹ́ fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òsì gbọ́, tọ̀tún kò gbọ́. Ogójì ọdún ló fi sọ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀; kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má sá." Ìyàwó ni, ó ti sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ síbì kan. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó di ìgbànú Agbẹ̀bí mú lẹ́yìn, ó ń fà á gòkè níṣìísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹfọ̀n fọn imú, ó dúró títí, ó sì yí padà wọgbó lọ.

"Ẹ fẹ́ kú ni?" Omijé wà lójú ìyàwó, inú sì ń bí i gidigidi. "Kí ẹbí yín lè wá sọ pé èmi ni mo pa yín?"

Nígbà tí wọ́n bá àwọn yòókù, Agbẹ̀bí kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn afinimọ̀nà fúnra rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ibi àgọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ kúrò ní ibodè láàárọ̀ ti jẹun tán, wọ́n ti ń fọ abọ́. Àbúrò rẹ̀ mú omi wá fún un. "Ẹ borí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi débí. Kò sọ́rọ̀ yàrá ìsàlẹ̀ mọ́." Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Agbẹ̀bí mu omi náà. Kò dùn mọ́ ọn. Èèyàn mẹ́ta ló fi odindi ọjọ́ kan rìn bí arọ kí òun tó débẹ̀. Nílé tòun, kò sẹ́ni tó ń rìn lẹ́yìn òun. Ìyàwó ń kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé èèkàn ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn," ni Agbẹ̀bí wí, "ibo ni fèrèsé ẹ̀ kọjú sí?"

Òòlù dúró. Ìyàwó kò gbójú sókè. "Ògiri aládùúgbò."

"Èèyàn ò wá ní rí nǹkan kan níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Agbẹ̀bí pòṣé. "Ẹ máa la fèrèsé mìíràn sí i. Mi ò lè máa wo ògiri."

"A ti gbọ́," ni ìyàwó wí, ó sì mú èèkàn tó kù.