Ìdáhùn Àwọn Aránṣọ Idu

Fọláyan ti bírò àti ìwé ètò ìwádìí náà padà síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Mi ò ní buwọ́ lù ú, sà."

Yàrá ìpàdé àjọ wọn ní Jahi, ní olú-ìlú, ni wọ́n wà. Àwọn òyìnbó tó fowó sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí àjọ náà pín fáwọn obìnrin Idu fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣe wọ́n láǹfààní, kí wọ́n tó ra òmíràn fún Durumi. Ọ̀gá Ọlábímtán, ẹni tí kì í fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ amúlétutù, ní kí wọ́n fi fóònù bi àwọn obìnrin náà léèrè, ó parí. Wọ́n ti fi dán àwọn díẹ̀ wò. Gbogbo wọn ló ní àwọn dúpẹ́.

"Kai, Fọláyan! Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, ìwọ ń jiyàn?"

"Sà, ta lẹ bi rí nílẹ̀ yìí tí kò ní òun dúpẹ́? Mo dé Idu láàárọ̀ yìí."

Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́. Rísíkàt, aránṣọ ará Ìkirè, ní ẹ̀rọ òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a dúpẹ́. Fọláyan kò dìde. Ó jókòó, ó bá a ṣa ẹ̀wà títí obìnrin náà fi ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìkòkò ló tò sórí rẹ̀.

"Àǹtí, iná dà? Èyí tá a lè fẹsẹ̀ tẹ̀ là bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé orí fóònù la ó ti wá tàbùkù ẹni tó ṣe wá lóore?"

Ní yàrá ìpàdé, inú ń bí Fọláyan bó ṣe rántí ìkòkò wọ̀nyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó tì wọ́n, sà, ká fojú ara wa rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkòkò làwọn ará Durumi náà á máa tò lé e."

"Ẹlòmíì á buwọ́ lù ú. Ìwọ, máa lọ sílé, má sì padà wá."

Fọláyan kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lẹ́bàá títì, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ìwó.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Màámi."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

"Ó dáa. Màá wọ mọ́tò lọ́la. Mo fẹ́ fojú mi rí ẹ."

Fọláyan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ máa bọ̀, Màámi," ni ó wí. "Ẹ wá wò mí."