Ìwọ̀n Ìgbọ̀nwọ́

Nígbà tí ẹ̀kán kẹtàdínlógún kán sínú abọ́, ó ṣíwọ́ kíkà. Kò sídìí láti máa kà á mọ́, nítorí pé ẹ̀kán ti di okùn: omi ọkà gbígbóná, pupa bí oyin, ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ibi tí tápù ti wọnú ìkòkò, ó ń gba ara irin tuntun náà wálẹ̀, ó sì ń ta ṣàṣà lórí ààrò gáàsì.

"Ó ń jò," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Aṣọ ni ìyá náà ń tún ṣe fún àwọn ará àdúgbò, téèpù ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí oúnjẹ.

"Mo rí i, Màámi."

"Ìkòkò òkè òkun náà ni?"

"Màámi, ẹ bá mi mú aṣọ ìnura wá."

Ó pa iná. Ó fi aṣọ ìnura di tápù náà mú, ó mú sípánà, ó tún un fún díẹ̀ sí i. Omi náà dáwọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹta ni ìkòkò náà dé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lójú omi. Páálí rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún méjì. Ogójì lítà ló ń gbà, irin rẹ̀ sì ń dán débi pé ìyá rẹ̀ rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì tún irun rẹ̀ ṣe. Lórí fóònù, iye rẹ̀ kò ju ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní àdúgbò, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó ń wá ọkọ. Ohun tí àwòrán kò sọ ni pé tápù kò bá a wá. Wọ́n kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà. Ló bá ra tápù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò omi ẹ̀rọ. Tápù náà yí wọlé lẹ́ẹ̀mejì àtààbọ̀, ó sì há. Ó fi téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń lò wé ẹnu rẹ̀, ó fi sípánà fún un, ó bu omi tútù sínú ìkòkò láti fi dán an wò. Omi kán lẹ́ẹ̀kan, kò kán mọ́. Ó lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Irin tó panu mọ́ fún omi tútù ti wá lanu fún omi gbígbóná.

Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ló fi ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń bá a délé nínú irun orí rẹ̀. Ọtí bíà tó ń pọn nínú ìkòkò ọbẹ̀ kékeré ni nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ ní igun òpópónà tọ́ ọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó tún tọ́ ọ wò, ó wá ní, "Gbé ọgbọ̀n lítà wá kí oṣù yìí tó parí. Bó bá dùn bí èyí, oṣooṣù ni màá máa gbà á." Bí ìyẹn bá ṣẹ, ó lè fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọtí náà sì nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ṣe é mu, oṣù ku ọjọ́ méjìlélógún, òní nìkan sì ni ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un.

Kílò mẹ́sàn-án ọkà báálì, èyí tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n ti yan, tí wọ́n ti lọ̀, ti wà nínú omi, nínú àpò aṣọ kan. Irú ọkà bẹ́ẹ̀ kì í ní sùúrù. Bí kò bá rí iná títí di ìrọ̀lẹ́, yóò kan. Kò sì sí ìkòkò mìíràn nínú ilé tó lè gbà á. Èyí tó gbà á, bí tápù kò bá dí ihò rẹ̀ pa, ajere lásán ni.

Òun àti ìyá rẹ̀ bu omi ọkà náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ìdérí, wọ́n gbé àpò ọkà sínú ọ̀kan, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé méjèèjì bí ọmọ tí òtútù ń mú.

"Wàá wá lọ bá a báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Bá ta ni?"

"Ẹni tí o ti ń rán mi sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ mi ti wá mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju tìẹ lọ."

Ó yọ tápù náà, ó jù ú sínú ọ̀rá dúdú, ó jáde.

Bàbá Ìkòkò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ọkà báálì, ìwúkàrà, òdòdó họ́ọ̀pù tó ń mú ọtí korò, àti gbogbo irin tí wọ́n fi ń pọn ọtí nílé. Ọdún méjì gbáko ló fi ń yà síbẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó lè ra ìwúkàrà tó kún ṣíbí kan, kó sì béèrè ìbéèrè mẹ́wàá lé e lórí. Oníbéèrè ni ọkùnrin náà sọ ọ́, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ láti dáhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó mú ìwé kékeré dání lọ. Ó béèrè bó ṣe yẹ kí ìkòkò ogójì lítà nípọn tó, irú ìdí tó yẹ kó ní kí ọkà má baà jóná, ibi tó yẹ kí ihò tápù wà. Bàbá Ìkòkò dáhùn gbogbo rẹ̀, òun náà sì kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ọkùnrin náà mú téèpù kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kó dúró ṣánṣán, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ti di télọ̀ ni?"

"Dúró jẹ́ẹ́. Bí o ṣe kúrú tó yìí, o tún ń mì."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ṣí ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó fi ìdáhùn Bàbá Ìkòkò yan ìkòkò kan láàárín ogún ìkòkò òkè òkun, ó sì rà á.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ni wọ́n máa ń wí. Ó rò ó bó ṣe ń sáré rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí tápù ń gbá a lẹ́sẹ̀ nínú ọ̀rá. Wọn kò sọ ti ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé tó wá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti hun irọ́ kékeré kan sílẹ̀.

Òórùn ọkà yíyan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dà bí òórùn ilé búrẹ́dì ní ìdájí. Ó ti gbàgbé bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Pẹpẹ tí wọ́n máa ń to ìkòkò sí ti ṣófo, ìgò àti rọ́bà díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Bàbá Ìkòkò jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń kọ nǹkan sára àpò ọkà kan. Ó wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Oníbéèrè. Mo ti rò pé o ti mọ gbogbo nǹkan tán."

"Rárá o, Bàbá. Iṣẹ́ ni ò jẹ́."

"Iṣẹ́ kì í jẹ́." Ó kọ lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí. "Níbo ló ti ń jò?"

Ó di ọ̀rá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ta ló sọ fún yín?"

"Màmá rẹ ra ọkà kílò mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ẹtì. Kílò mẹ́sàn-án kì í wọ ìkòkò ọbẹ̀."

"Ìbátan wa kan ló fi ìkòkò náà ránṣẹ́ láti òkè òkun."

"Ìbátan rere ni." Ọkùnrin náà na ọwọ́. "Mú tápù wá."

Ó yí tápù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná tọ àwọn ìlà tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà ló fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ tábìlì. Irin ìsopọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi idẹ ṣe ló kún inú rẹ̀.

"Ìlà ti ọ̀hún ò bá ìlà ti ibí mu," ó ní, bó ṣe ń fi ìka tú wọn. "Wọ́n jọra débi pé wọ́n ń tan èèyàn jẹ ni. Á wọlé díẹ̀, á há, wàá rò pé ó ti dí. Èyí ló ń bá wọn làjà. Ẹnu kan fún ìkòkò, ẹnu kan fún tápù."

"Ṣé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rà á?"

"Agolo kẹta rèé lọ́dún yìí. Ìkòkò ni wọ́n fi ń pè mí, irin yìí ló ń bọ́ mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i. Òun ń ká ọ̀rá dúdú náà mọ́ ọwọ́. Ó gbójú kúrò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìkòkò kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ogójì lítà, lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí wọ́n jó mọ́ ọn, ẹsẹ̀ kúkúrú tó fẹ̀ dáadáa. Tápù ti wà lára rẹ̀. Eruku ti bo ìdérí rẹ̀. Bébà kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ etí rẹ̀, 95 nìkan ni wọ́n kọ sí i.

"Bàbá, ta ló ni ìyẹn?"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí kò rántí ohun tó wà níbẹ̀. "Ìyẹn? Ẹni tó ni ín ò tíì wá."

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń retí rẹ̀?"

"O ti tún bẹ̀rẹ̀." Ó fi irin ìsopọ̀ kan lé e lọ́wọ́. Ó gba iye rẹ̀, kò dín in, kò lé e. "Bí ìlà bá ṣe yí ni kó o ṣe wé téèpù, má wé e lódìkejì. Má sì fún un jù, idẹ ni, kò ṣẹ̀ ọ́. Máa sáré lọ, ọkà rẹ ń tutù."

Ó dúpẹ́, ó sáré. Nílé, ó wé téèpù bí ọkùnrin náà ṣe wí. Irin ìsopọ̀ náà yí wọnú ìkòkò bí ẹni tó ń wọlé ara rẹ̀, tápù náà sì yí wọnú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi híhó ló fi dán an wò. Kò jò. Wọ́n fún àpò ọkà náà gbẹ, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n da omi ọkà padà, ó tan iná. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti ń hó, fèrèsé ti kún fún ooru omi, ó sì ti ju òdòdó họ́ọ̀pù sí i.

Bí ìkòkò náà ṣe ga lórí ààrò, etí rẹ̀ dé àgbọ̀n rẹ̀. Orí àpótí ló gùn láti rò ó, ìyá rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí náà kó má baà mì. Síbẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ga ju èjìká lọ, ooru omi ń wọ inú apá aṣọ rẹ̀.

"O dà bí ẹni tó ń ká èso lórí igi," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò ó ní ìgbà mẹ́ta sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n mí."

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀n?"

Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi orí téèpù tẹ ilẹ̀, ó fà á sókè. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀.

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

Ìkòkò ń hó. Nọ́ńbà tó wà lára bébà etí ìkòkò kọ̀rọ̀ yẹn ni.

"Ìgbà kẹta tí o rán mi ni mo rí ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń ká téèpù rẹ̀. "Mo bi í léèrè. Ó ní tìẹ ni, ó ní o kàn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Tìẹ ti wà lójú omi nígbà yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ó tún gun orí àpótí. Ìwé kékeré náà wà lójú fèrèsé, ooru omi ti ká etí rẹ̀ sókè. Gbogbo ìdáhùn ọkùnrin náà ló wà nínú rẹ̀, àfi ti téèpù yẹn, nítorí pé kò bi í ní ohun tó ń wọ̀n ọ́n fún.

"Ọkà ti ọjọ́ mìíràn ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. "Ṣé kí n lọ rà á lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ẹ jókòó, Màámi. Èmi ni màá lọ."

Abọ́ ṣì wà lábẹ́ tápù níbi tó gbé e sí láàárọ̀. Ó gbẹ. Ó ń ro omi ọkà, ó sì ń wo abọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sídìí láti máa wò ó mọ́.