Ọjọ́ Kẹjọ Ọmọ Tahir

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Kúbúrá, ìyàwó ọmọ mi, bí ọmọbìnrin nílé wa ní Isuada. Tahir ọkọ rẹ̀ wà ní Guangzhou ní Ṣáínà, níbi tó ti ń ra aṣọ ránṣẹ́ sílé. Ó ní òun á dé kó tó di ọjọ́ kẹjọ, òun á fi ẹnu ara òun sọ ọmọ òun lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Kúmásì ní Gánà ni bàbá Tahir wà nígbà tí wọ́n sọ Tahir lórúkọ. Títí bàbá náà fi kú, "ọmọ yín" ló ń pè é fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tahir pè pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Túsìdeè lòun máa wọlé. Mo bi í bó ṣe ka ọjọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ kejì ìbímọ.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ńkọ́, Tahir? Àbí ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó sáré lọ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàlúù kan ṣoṣo tó rí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló máa gbéra.

Naimat, àbúrò rẹ̀, wo fóònù. Ó ní Guangzhou sí Èkó ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kìlómítà lọ, wọ́n á sọ̀ ní Etiópíà wọ òmíràn, wákàtí mẹ́tàdínlógún lápapọ̀. Mo fi ìka kà á. Aago mọ́kànlá àárọ̀ Mọ́ńdè ló bọ́ sí, ó sì tún ku wákàtí mẹ́fà lórí títì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la sì dá fún ìsọmọlórúkọ.

Naimat ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ìrọ̀lẹ́ tiwọn, àárọ̀ tiwa ni. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa balẹ̀ ní Èkó. Mi ò gbà á gbọ́ tán.

Aago mẹ́wàá Mọ́ńdè, Ààfáà Jìbírílù tó máa ṣe ìsọmọlórúkọ ti dé. Tahir pè láti Oǹdó: ẹrù òun ló pẹ́ jáde ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ààfáà ní ìsọmọlórúkọ mìíràn ń dúró de òun ní Upenmen, kí n sọ orúkọ tí Tahir fẹ́, kí òun ṣe é kíá.

Mo mọ orúkọ náà. Mi ò sọ ọ́.

"Ẹ ṣe ti Upenmen ná, kí ẹ padà wá."

"Ìyá Tahir, ṣé bàlúù lẹ rò pé mo gùn ni? Ọ̀kadà ni o."

Ó lọ ṣá, ó ní òun á padà. Mo dúró lójúde, gbogbo mọ́tò tó bá ti ọ̀nà Ọ̀wọ̀ bọ̀ ni mò ń yọjú wò. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjìlá kí ọ̀kan tó yà wọlé. Ẹsẹ̀ Tahir ti wú, kò rántí ẹrù rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ?"

Mo ní rárá. Ó fara ti ògiri, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kúbúrá na ọmọ sí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbà á. A jókòó ti Tahir, a ń retí Ààfáà.