Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Àmì Fẹ̀yìn Lélẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìtẹ̀wé kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Àmì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí àmì ohùn kan bá sọnù lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, á dá gbogbo ojú ìwé náà padà, á sì tún dìde lọ bá ẹni tó ṣe é níbi tó jókòó sí, kó lè fi ẹnu bá a wí kún un. Ó mọ̀ pé òun máa ń yọ èèyàn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá sin òun tán, òun á kọ́kọ́ jí dìde wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ òun dáadáa.

Nígbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé, wọ́n to àga sínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́, wọ́n ta aṣọ búlúù kan sẹ́yìn tábìlì àwọn ọ̀gá, wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ta ló sọ fún wọn pé Ọ̀gá Àmì mọ ṣókí? Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, tó jókòó níwájú, ti ń mi orí kó tó la ẹnu.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Fẹ̀yìntì kì í ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá: fi, àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ti sùn nìyẹn, ó kọjú sókè, ó ń ka pákó àjà. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ṣì wà lórí ìdúró. Ó kàn wá nǹkan fara tì ni. Báyìí!"

Ó bá fẹ̀yìn ti ògiri tó wà lẹ́yìn aṣọ búlúù náà.

Kò sí ògiri níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn káfíńtà sì ti yọ ọ́ lọ tún ṣe. Kí ojú ihò náà má bàa hàn ni wọ́n ṣe ta aṣọ bò ó. Ọ̀gá Àmì bá aṣọ lọ. Ìdí ló kọ́kọ́ balẹ̀, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, orí ṣe ìkẹta, aṣọ búlúù sì rọra já bọ́ lé e lójú.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde nàró. Ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá béèrè láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ńkọ́? Tì ni àbí lélẹ̀?"

Ohùn dáhùn lábẹ́ aṣọ: "Lélẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé àmì orí rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó fẹ́ dìde tí ẹ̀yìn ní òun ò bá a lọ.

Dókítà ní egungun kankan ò kán, iṣan ló fà. Ó ní kó máa sùn sórí ilẹ̀ líle, kó kọjú sókè, kó má gbé ohunkóhun. Yàrá ìgbàlejò nìkan ló fẹ̀ tó ohun tó lè gbà á, ibẹ̀ náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Wọ́n bá tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ìyàwó fi ń gé aṣọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, àárọ̀ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, ilé tó tòrò ló sì máa ń bá. Ó ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe máa ń rí látàárọ̀. Àṣé ọjà ni! Oníbàárà kan ò tíì jókòó tán tí òmíràn á ti kan ilẹ̀kùn. Èyí ní kí wọ́n dín ìbàdí kù. Ìyẹn sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní aránṣọ ló gé aṣọ òun kéré. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ni wọ́n á wí, bí ẹni ń kí àga. Láti ibi tó wà, ó ń rí ṣíńgọ́ọ̀mù tí àwọn ìbejì wọn lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì nígbà tí wọ́n kéré. Ó sì ń rí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wú ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá Ìbejì," ló wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "mo ti mọ ibi tí gbalaja ti wá."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Gba ilẹ̀ já! Ẹni tó nà tó gba ilẹ̀ já láti ìkangun kan dé ìkejì."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó rò ó. "Èmi náà ni." "Irọ́ ni, jàre. Ariwo ìṣubú mi ni. Gba ni ìdí, la ni ẹ̀yìn, ja ni orí."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí òwú fi já lójú abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń wá ẹnu òwú náà, ó béèrè pé: "Fẹ̀yìntì tiyín wá ńkọ́? Ẹ ní èèyàn ń wá nǹkan fara tì ni. Kí lẹ fẹ́ fara tì?"

"Ìsinmi."

"Ìsinmi ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ohun tí èèyàn bá fara tì gbọ́dọ̀ lè dúró. Ta ló ń dúró nínú ilé yìí látàárọ̀?"

Ó tún wo ẹsẹ̀ tó wú náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní: "Fún mi ní nǹkan ṣe."

Ìyàwó ju ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ẹ̀kúnwọ́ bọ́tìnnì sí i láyà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe eré: ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ já bọ́ lé e nímú, ó sì gbé bọ́tìnnì kan mì níbi tó ti ń fi eyín dì í mú.

Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á láyè láti jókòó, kò kúrò nídìí iṣẹ́. Ó ń rán bọ́tìnnì lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, títí obìnrin kan tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ fi béèrè pé: "Ta nìyẹn?"

"Ọmọṣẹ́ mi tuntun ni," ìyàwó dáhùn.

"Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ti dá?"

"Ó ń gbìyànjú."

Inú Ọ̀gá Àmì dùn. Ó já òwú, ó dìde fìrí kó lè gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà fún obìnrin náà. Ṣẹ́ẹ̀tì ò bá a débẹ̀. Ó fà á, ṣòkòtò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti gba inú ṣẹ́ẹ̀tì kọjá, ó sì ti rán an mọ́ itan ṣòkòtò ara rẹ̀ ṣinṣin, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní.

"Ìyá Ìbejì," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́, bá mi mú àlùmọ́gàjí."